Bí mo ṣe ṣírò agbára mọ́tò tó máa yí àgbá iyanrìn

Àgbá irin náà fẹ̀ ní 1.5 m, ó gùn ní 4 m, ó jókòó lórí róólà mẹ́rin, ó sì gbọ́dọ̀ máa yí po lẹ́ẹ̀mẹwàá ní ìṣẹ́jú kan. Àgbá nìkan jẹ́ 1,800 kg, iyanrìn inú rẹ̀ sì jẹ́ 1,200 kg.

Ìwúwo irin ló sábà máa ń ba èèyàn lẹ́rù, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo nínú ìṣirò yìí. Bí ẹ̀gbẹ́ kan àgbá ṣe ń gòkè ni èkejì ń sọ̀ kalẹ̀. Iyanrìn gan-an ló ń jẹ agbára: àgbá á fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á sì dà gẹ̀rẹ́ síbẹ̀ ní nǹkan bíi 35°. Mo ya àwòrán rẹ̀, mo rí i pé àárín ìwúwo rẹ̀ fi 0.35 m yẹ̀ kúrò lábẹ́ àárín àgbá. Ipá ìyípo rẹ̀ wá jẹ́ 1,200 × 9.81 (òòfà ilẹ̀) × 0.35, ìyẹn 4,120 N·m.

Ó ku róólà. Wọ́n là sí ọ̀tún àti òsì ní 30°, nítorí náà ẹrù tó tẹ̀ wọ́n ju ìwúwo lásán lọ: àgbá àti iyanrìn jẹ́ 3,000 kg, ìyẹn 29,430 N; 29,430 ÷ cos 30° jẹ́ nǹkan bíi 34,000 N. Mo fi 0.02 ṣe ìwọ̀n ìfarakínra róólà àti bearing (ibi tí ọ̀pá róólà ti ń yí), òrùka ara àgbá tó jókòó lórí róólà sì jìnnà sí àárín ní 0.8 m: 544 N·m. Àpapọ̀ jẹ́ 4,664 N·m. Mo sọ ọ́ di kìlówáàtì (9,550 ni nọ́ńbà tó ń sọ N·m àti iye ìyípo ní ìṣẹ́jú kan di kW): 4,664 × 10 ÷ 9,550 = 4.88 kW.

Gíà ń gba 94% kọjá, ṣéènì 95%. Ohun tí mọ́tò gbọ́dọ̀ mú wá di nǹkan bíi 5.5 kW. Mọ́tò 5.5 kW wà lọ́jà, ṣùgbọ́n n kò mú un, torí kò ní ṣẹ́ ohunkóhun kù. Mo fi 25% kún un, ó di 6.8 kW, mo sì mú 7.5 kW tó ń yí 1,450 ní ìṣẹ́jú kan.

Ìgbà títan ló yẹ kéèyàn ṣọ́ jù. Láti gbé àgbá dé eré rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 5 kò ju 300 N·m lọ. Àmọ́ iyanrìn tútù máa ń lẹ̀ mọ́ ara àgbá, á sì gòkè pẹ̀lú rẹ̀ kó tó wó. Nígbà náà ìyẹ̀ 0.35 m lè di 0.6 m, gbogbo rẹ̀ á sì sún mọ́ 7,900 N·m. Mọ́tò yìí, lẹ́yìn gíà àti ṣéènì, ń gbé 6,400 N·m jáde nígbà tó bá ń gbé ẹrù kíkún rẹ̀. Tí a bá tan án tààrà, yóò ṣeé ṣe, torí ipá ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa. Star-delta, ìyẹn ọ̀nà títan tó ń dín iná kù ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní gbé e, torí ìdá kan nínú mẹ́ta ipá ìbẹ̀rẹ̀ ló ń fún un.

Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, clamp meter, ẹ̀rọ tí a ń fi há wáyà láti ka iná, ka 11.5 A ní 400 V. 1.732 × 400 × 11.5 × 0.8 (power factor, ìdá iná tó ń ṣiṣẹ́ gan-an) × 0.88 (ìdá tí mọ́tò ń sọ di agbára ìyípo) fún mi ní 5.6 kW. Ẹ má fi áńpíà nìkan díwọ̀n ẹrù o: mọ́tò tí kò gbé nǹkan kan ṣì ń fa bí ìdá kan nínú mẹ́ta iná tó ń fà nígbà tó gbé ẹrù kíkún.