Ọjọ́ 74 lórí "àmì kò pé": bí mo ṣe yí àyẹ̀wò àyọkà wa padà l'Ágbádárìgì

Ọjọ́ 74 ni àyọkà lórí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà fi jókòó sínú ìlà tí àyọkà ti ń dúró de àyẹ̀wò lórí wíkì Yorùbá wa, ìkànnì tí àwọn olùyọ̀ǹda ń kọ. Ilé ọ̀hún kò jìnnà síbi tí a ti ń ṣèpàdé. Marina l'Ágbádárìgì níbí ló wà, ẹsẹ̀ lásán lèèyàn fi ń dé ibẹ̀. Ọmọbìnrin kan láti Ajara ló kọ àyọkà náà, orí fóònù ló sì ti kọ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la dá a padà fún un, ọ̀rọ̀ kan náà la sì ń kọ sábẹ́ rẹ̀: "Àmì kò pé." Nígbà tó jàjà jáde, 1854 ló wà nínú ìlà kejì gẹ́gẹ́ bí ọdún tí wọ́n parí ilé náà. Ọdún 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. A yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún, a rí àmì orí lẹ́tà, a ò rí ọdún.

Kó tó jáde, ọmọbìnrin náà ti bi mí lórí WhatsApp pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àmì wo ni kò pé? Gbogbo ẹ̀ ló pé lójú tèmi." Mi ò rí èsì kankan fún un. Kò kọ òmíràn ránṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Àwọn tó ń kọ̀wé fún wa kò gba kọ́bọ̀. Dátà ara wọn ni wọ́n ń ná, ìgbà tí wọ́n bá sì ríná ni wọ́n ń kọ ọ́. Ẹni tó fi irú àkókò bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, tó wá dúró ju oṣù méjì lọ kó tó gbọ́ "àmì kò pé", ìyà la fi jẹ ẹ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí n gbé iṣẹ́ yìí dìde. Mo rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni màá fi ṣe é. Oṣù mẹ́rin ló gbà, ibì kan ṣoṣo ló sì ti há.

Ìgbésẹ̀ márùn-ún ni ìlànà wa àtijọ́ ní. Ẹni tó kọ ọ́ á fi ránṣẹ́, olùkà àkọ́kọ́ á wo kókó ọ̀rọ̀, ẹnì kejì á wo ìtọ́kasí, olùyẹ̀wò èdè á wo gírámà àti àmì ohùn, alámòójútó á wá gbé e jáde. Ẹnì kan ṣoṣo ni olùyẹ̀wò èdè wa, olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Tíṣà. Ẹni tó mọṣẹ́ ni, mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ohun mìíràn. Àmọ́ àwọn méjì tó ṣáájú rẹ̀ mọ̀ pé Bàbá á wo gbogbo rẹ̀ fínnífínní lẹ́yìn àwọn, wọ́n wá ń kà á gààràgà. Bàbá náà sì gbà pé wọ́n ti yẹ ọdún àti orúkọ wò, nítorí náà lẹ́tà nìkan ló ń tẹ́jú mọ́. Bí 1854 ṣe kọjá lójú ènìyàn mẹ́ta nìyẹn.

Irú nǹkan báyìí ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tóbi jù wá lọ. Nupedia, ìwé ìmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2000, ní ìgbésẹ̀ àyẹ̀wò méje, àyọkà bíi 21 péré ló sì la gbogbo rẹ̀ já lọ́dún àkọ́kọ́. Wọ́n dá Wikipedia sílẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 kó lè máa pèsè àyọkà fún un, àfi bí ọmọ ṣe dàgbà ju ìyá lọ. Ọdún 2003 ni Nupedia kógbá sílé. Wikipedia náà ní àyẹ̀wò tirẹ̀ o. Láti ọdún 2018, ní ti èdè Gẹ̀ẹ́sì, àkáǹtì tuntun tí kò tíì pé ọjọ́ mẹ́rin, tàbí tí kò tíì ṣe àtúnṣe mẹ́wàá, kò lè dá àyọkà sílẹ̀ tààrà sí gbangba. Ní ti èdè Jámánì, láti ọdún 2008, àtúnṣe ẹni tuntun kì í hàn sí òǹkàwé lásán àyàfi tí ẹni tí wọ́n fọkàn tán bá ti wò ó. Mo ro ti Jámánì yẹn dáadáa, mo sì fi í sílẹ̀. Ó ń fẹ́ olùyẹ̀wò tó pọ̀ rẹpẹtẹ, mẹ́rin làwa.

Ohun tí mo dá lábàá rọrùn. Kí àyọkà tó jáde, ohun mẹ́rin péré ni kí olùyẹ̀wò wò: ṣé wọn ò da iṣẹ́ ẹlòmíràn kọ, ṣé gbogbo ọdún àti iye àti orúkọ ló ní ìtọ́kasí, ṣé kò sí ohun tó lè ba ẹni tó wà láàyè jẹ́, ṣé ọ̀rọ̀ náà sì wà lára ohun tí ìkànnì wa ń kọ nípa rẹ̀. Èyíkéyìí nínú àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lè ṣe é, àfi ẹni tó kọ ọ́. Ọjọ́ méje ni gbèdéke. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, kó jáde, àyàfi tó bá jẹ́ ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá dá àyọkà padà kò gbọdọ̀ kọ ju ohun mẹ́ta lọ, kó sì tọ́ka sí ibẹ̀ gan-an: "ìpínrọ̀ kejì, ìlà kẹta, ọdún yìí kò bá ìtọ́kasí mu." Gírámà àti àmì ohùn á wá tẹ̀ lé e lẹ́yìn tí àyọkà bá ti jáde, nítorí ẹnikẹ́ni tó bá rí i ló lè tún un ṣe. Ọdún tó ṣì ní tirẹ̀, wọ́n á ti dà á kọ lọ síbòmíràn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Àwọn ìyókù gbà. Bàbá Tíṣà kọ̀.

Ìpàdé mẹ́ta la fi sọ ọ́. Bàbá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fẹ́ gbé èdè sí gbangba níhòòhò." Ó ní kí n kọ ọkọ láìlámì, kí n wá sọ fún òun bóyá ọkọ ìyàwó ni, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko, tàbí ọkọ̀ tó ń gba orí ọ̀sà, tàbí ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi ń jagun. Ó rán wa létí iṣẹ́ ìgbìmọ̀ àkọtọ́ ọdún 1966, àti àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974. Òtítọ́ lọ̀rọ̀ rẹ̀. Inú sì ń bí mi, torí àyọkà 61 ló wà nínú ìlà nígbà yẹn, 38 nínú wọn ló sì ní "àmì kò pé" lábẹ́.

Ohun tó yẹ kí n ṣe lọ́jọ́ kìíní ni mo ṣe lẹ́yìn ìpàdé kẹta. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká Bàbá sórí tábìlì, mo gbé fóònù irú tí ọmọbìnrin Ajara ń lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì ṣí àyọkà kan náà lórí méjèèjì. Lórí fóònù, gbogbo àmì pé. Lórí kọ̀ǹpútà Bàbá, àmì abẹ́ ẹ àti ọ ti sún kúrò lábẹ́ lẹ́tà, níbòmíràn àpótí kékeré ló wà nípò rẹ̀. Irọ́ kankan kò sí lẹ́nu àwọn méjèèjì.

Ìdí rẹ̀ rèé. Ọ̀nà méjì làwọn ènìyàn fi ń kọ àmì abẹ́ lẹ́tà wa lórí kọ̀ǹpútà. Kíbọọ̀dù kan á fi àmì tóótòòtó sí i, èyí tí kọ̀ǹpútà mọ̀ sí U+0323. Òmíràn á fi igi kékeré tó dúró gbọọrọ sí i, U+0329. Lójú ènìyàn, nǹkan kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, wọn ò jọ ara wọn rárá. Tí fọ́ǹtì tó wà lórí ẹ̀rọ kò bá mọ U+0329 dáadáa, ó máa ń fi í síbi tí kò yẹ. Nínú 38 tí Bàbá dá padà, 29 ló ní igi yẹn nínú. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó kọ wọ́n kò ṣe àṣìṣe kankan.

Ibẹ̀ ni mo ti wá rí ìdí tí àwọn nǹkan mìíràn tó ń dà wá láàmú fi ń ṣẹlẹ̀. A ní àyọkà méjì tó ń jẹ́ "Ọjà Vlekete", tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣàlàyé. MediaWiki, sọ́fítíwíà tí ìkànnì wa ń lò, máa ń tò àmì orí àti àmì abẹ́ fúnra rẹ̀, é tí wọ́n fi tóótòòtó sí lábẹ́ àti ẹ tí wọ́n fi àmì òkè sí lórí á di ohun kan náà. Ṣùgbọ́n kò ní sọ igi di tóótòòtó láéláé, torí náà àkọlé kan di méjì. Èyí tó burú jù ni ti Ẹ̀ka. Ẹni tó bá fi igi kọ "Ẹ̀ka:" sísàlẹ̀ àyọkà, ẹ̀rọ kò ní mọ̀ pé ẹ̀ka ni. Á kàn fi í hàn bí ìjápọ̀ pupa tí kò lọ síbì kankan. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti bá àwọn ọmọ ọlọ́mọ wí pé wọn kò fi àyọkà sí ẹ̀ka, wọ́n sì ti fi í.

Bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ kọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà gbogbo ìkànnì pamọ́. Ẹ wá tú lẹ́tà àti àmì ká, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní NFD. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ U+0329 sí U+0323, kìkì níbi tó bá ti tẹ̀ lé lẹ́tà "e", "o" tàbí "s", ńlá àti kékeré. Ẹ wá dà wọ́n pọ̀ padà, NFC. Nínú èdè kọ̀ǹpútà Python, ìlà mẹ́ta lásán ni. Ẹ má ṣe pààrọ̀ gbogbo U+0329 láìwo ohun tó ṣáájú rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ẹ̀dá èdè ń lo àmì yẹn lábẹ́ n àti m nígbà tí wọ́n bá ń kọ bí a ṣe ń pe ọ̀rọ̀, mo ti ba irú rẹ̀ mẹ́fà jẹ́ kí n tó mọ̀. Ti àkọlé kò gbọdọ̀ jẹ́ pípààrọ̀ lásán. Ẹ ṣí ojú-ìwé náà nípò kí ó fi àtúnjúwe sílẹ̀. Níbi tí àkọlé méjì bá ti wà, ènìyàn ló gbọ́dọ̀ kà wọ́n, kó dà wọ́n pọ̀. Ti Ọjà Vlekete nìkan gba ọ̀sán kan lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo tún un ṣe tán, mo gbé àwọn 29 náà fún Bàbá Tíṣà. Ó fọwọ́ sí 22 láàárín ọjọ́ méjì. Méje tó kù ní àṣìṣe àmì lóòótọ́. Lọ́jọ́ náà ni Bàbá gbà pé kí èdè tẹ̀ lé ìjáde, ó sì ní òun fúnra òun ló máa ṣe olórí iṣẹ́ yẹn. Mo fi ìyẹn yangàn ju gbogbo apá yòókù lọ.

Ohun kan wà tí Bàbá fi kún un, tó sì tọ́: orúkọ Ògù, èdè tí Yorùbá ń pè ní Ègùn. Ìdajì ohun tí à ń kọ nípa Àgbádárìgì ló ní orúkọ Ògù nínú, Zangbeto, Gberefu, orúkọ àdúgbò àti orúkọ oyè. Tẹ́lẹ̀, à ń fi àmì ohùn Yorùbá sí wọn lórí gẹ́gẹ́ bí etí wa ṣe gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ Ògù kì í ṣe Yorùbá. Ní báyìí, olùyẹ̀wò kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan orúkọ Ògù àyàfi tó bá bi ẹni tó gbọ́ èdè náà. Bẹ́ẹ̀ náà ni ɛ àti ɔ tó máa ń wọlé láti inú ìwé ìhà Benin: a fi sílẹ̀ bó ṣe wà nínú àkọlé ìwé tí a tọ́ka sí.

Fífi ètò náà sórí MediaWiki kò le. Ẹ tan àmì àyẹ̀wò, $wgUseRCPatrol àti $wgUseNPPatrol, kí ẹ fún olùyẹ̀wò ní ẹ̀tọ́ "patrol", láti sàmì pé òun ti wo àyọkà, kí ẹ sì fún ẹni tí àyọkà mẹ́wàá rẹ̀ ti jáde láìsí ìdápadà ní "autopatrol", kí ẹ̀rọ máa sàmì sí tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmì ìyanu pupa á máa wà níwájú ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò. Ibi méjì ni mo ti kọsẹ̀. Àkọ́kọ́, àtòkọ àwọn àyípadà tuntun tí àmì yìí ń hàn lára rẹ̀ kì í rántí ju ọjọ́ 90 lọ bí ẹ ò bá yí $wgRCMaxAge padà. Àyọkà tó bá kọjá ọjọ́ náà láìsí àyẹ̀wò á kàn pòórá kúrò níbẹ̀, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò wò ó rí. Ìkejì, mo kọ __NOINDEX__ sórí àwọn tí a kò tíì yẹ èdè wọn wò, kí Google má tíì gbé wọn, kò sì ṣiṣẹ́. Nínú àyọkà gidi, ẹ̀rọ kì í gba àṣẹ yẹn àyàfi tí ẹ bá sọ $wgExemptFromUserRobotsControl di òfìfo. Ọ̀sẹ̀ kan ló bọ́ lọ́wọ́ mi lórí ìyẹn.

Bí mo bá tún un ṣe lónìí, ọ̀rọ̀ àkọlé àti àmì abẹ́ lẹ́tà ni màá kọ́kọ́ yanjú, kí n tó pe ẹnikẹ́ni sí ìpàdé. Màá sì ní kí gbogbo olùyẹ̀wò máa ṣí àyọkà lórí fóònù kí wọ́n tó dá a padà, torí fóònù làwọn tó ń kọ ọ́ ń lò.

Àyọkà 61 yẹn ti tán nínú ìlà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni èyí tó pẹ́ jù lára àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn, ìtàn ìgbésí ayé ẹni tó wà láàyè ni. Àkọlé méjì-méjì tí a kò tíì dà pọ̀ ṣì kù 14. Ti ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ti ní 1845 nínú ìlà kejì báyìí, mo sì ti pa "àmì kò pé" márààrún rẹ́ lójú-ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀, mo sì fi ránṣẹ́ sí ọmọbìnrin náà lórí WhatsApp, pé àmì rẹ̀ pé láti ọjọ́ kìíní.