Bí Super Nintendo ṣe ń kúrò nídìí tẹlifíṣọ̀n bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́

Bí ẹ bá fẹ́ sọ Super Nintendo, ẹ̀rọ géèmù àtijọ́ tí a ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, di èyí tí a lè gbé lọ́wọ́ ta géèmù, iná ló ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ jù. Ẹ yanjú rẹ̀ kí ẹ tó gé ike kankan.

Adapter ẹ̀rọ náà, ti Amẹ́ríkà, ń gbé fólítì 10 wọlé, 850 mA. Chip 7805 tó wà lórí bọ́ọ̀dù ló ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí fólítì 5 tí ẹ̀rọ náà ń lò, ó sì ń sọ ìyókù di ooru. Ìdajì iná ló ń ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bátìrì kò lè fara da irú òfò yìí. Nítorí náà, ẹ yọ 7805, kí ẹ fi buck converter (bọ́ọ̀dù kékeré tó ń rẹ fólítì sílẹ̀ láìfi iná ṣòfò púpọ̀) tó lè gbé ampere 3 rọ́pò rẹ̀. Fólítì 5 rẹ̀ ń lọ sí ihò ẹsẹ̀ kẹta 7805, ground (ẹsẹ̀ òdì iná) sí ihò àárín. Ihò àkọ́kọ́ á wà lófo. Kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bọ́ọ̀dù, ẹ fi mítà yí i sí 5.0 gééré. Bí ó bá lọ jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, àwọn chip á jó, wọn kò sì rọrùn láti rí rà mọ́.

Swíìṣì àti fíúsì àtijọ́ wà ṣáájú 7805, nítorí náà wọn kò dáàbò bo nǹkan kan mọ́. Ẹ fi swíìṣì tuntun àti fíúsì ampere 3 sáàárín bátìrì àti buck converter.

Bátìrì lithium 18650 méjì, 3000 mAh ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí a so tẹ̀léra pẹ̀lú BMS 2S (bọ́ọ̀dù tó ń dáàbò bo bátìrì méjì tí a so bẹ́ẹ̀), ń fúnni ní nǹkan bí 22 Wh. Pẹ̀lú síkírínì kékeré tó ń lo fólítì 5, ẹ ó rí bíi wákàtí méjì ààbọ̀ ta géèmù. Ṣájà lithium fólítì 8.4 nìkan ni kí ẹ fi gba iná sí i. Ẹ má ṣe pa bátìrì tuntun pọ̀ mọ́ ògbólógbòó.

Ẹ kọ́kọ́ fi bátìrì yìí ta géèmù lórí tẹlifíṣọ̀n fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí àwòrán bá ń gbọ̀n, ẹ wọn fólítì lórí bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀. Wáyà tó tínrín ló sábà máa ń fà á.

Nínú ihò tẹlifíṣọ̀n tó wà ní ẹ̀yìn ẹ̀rọ, pin 9 ni àwòrán composite (èyí tó ń gba wáyà kan ṣoṣo lọ sí síkírínì), 5 ni ground, 11 àti 12 ni ohùn. Amplifier PAM8403 kékeré tó fún spíkà. Ẹ má so ẹsẹ̀ òdì spíkà rẹ̀ mọ́ ground láé, nítorí iná ohùn ń gba ẹsẹ̀ méjèèjì jáde; bí ẹ bá dà á pọ̀ mọ́ ground, chip náà á kú. Ìdí nìyẹn tí ihò earphone fi gbọ́dọ̀ gba ohùn rẹ̀ kí ohùn tó dé amplifier.

Wáyà márùn-ún ni pad (ohun tí a ń tẹ̀ láti fi ta géèmù) ní: fólítì 5, clock, latch, data, ground, ní pin 1, 2, 3, 4 àti 7. Ẹ fi mítà tọ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti ẹnu pin rẹ̀. Àwọ̀ wáyà lè tanni jẹ.

Ihò kátíríìjì, níbi tí a ń ki géèmù bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ síbi tó wà bí ààyè bá gbà. Pin 62 ló ní. 46 tó wà láàárín tó fún géèmù lásán, ṣùgbọ́n àwọn tó ní chip Super FX (chip àfikún inú kátíríìjì kan) nílò mẹ́jọ mẹ́jọ tó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bó bá di dandan láti gbé e kúrò, kí wáyà má ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Bó bá gùn jù, dátà á máa dàrú, síkírínì á sì dúdú.

Nínú àpótí, ẹ jẹ́ kí buck converter jìnnà sí bátìrì, kí ẹ sì lu ihò atẹ́gùn sí ẹ̀yìn àpótí náà.