Bí a ṣe ń fi kámẹ́rà maikirosíkóòpù USB wá àárín iṣẹ́ lórí máṣíìnì ilé tó ń lu ihò tàbí gé irin

Kí a tó lu irin tàbí gé e, spindle (ọ̀pá tó ń yí, tó di irinṣẹ́ gígé mú) gbọ́dọ̀ wà gan-an lókè àmì tí a fẹ́; kámẹ́rà tí a fi sí ipò irinṣẹ́ náà ni a fi ń rí i. Ẹ má ka "1000×" tí wọ́n máa ń kọ sára páálí kámẹ́rà wọ̀nyí sí. Bí ibi tó ń hàn nínú àwòrán ṣe fẹ̀ tó ni kí ẹ mọ̀. Ẹ gbé rúlà irin sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka ìlà mìlímítà tó wọ inú àwòrán. Bí mìlímítà 5 bá kún píksẹ́lì 640 (píksẹ́lì ni ẹyọ àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán), píksẹ́lì kan jẹ́ bíi mìlímítà 0.008. Síkúrù tó ń sún tábìlì ọ̀pọ̀ máṣíìnì kékeré kò tiẹ̀ lè ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àárín àwòrán kì í ṣe àárín spindle, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ike ara kámẹ́rà kì í sábà yípo dáadáa, dígí inú rẹ̀ sì lè tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nítorí náà ẹ má wulẹ̀ bá a jà pé kó gún régé. Ojú ibi tí kò bá kúrò lójú kan nígbà tí ẹ bá ń fọwọ́ yí spindle, òun ni àárín, ì báà wà ní kọ̀rọ̀ ojú kọ̀ǹpútà.

Ohun tí yóò di kámẹ́rà mú: ẹ wọn ara rẹ̀ (ọ̀pọ̀ wọn wà láàárín mìlímítà 32 sí 35), kí ẹ wá páìpù tí inú rẹ̀ fi mìlímítà 4 sí 6 fẹ̀ jù ú lọ. PVC tó nípọn wà lọ́jà Dei-Dei ní Àbújá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹrù púlọ́ńbà. Ẹni tó bá fẹ́ alumíníọ̀mù lè bá àwọn oníṣẹ́ irin Panteka ní Kàdúná sọ̀rọ̀. Ẹ lu ihò mẹ́rin yíká lókè, mẹ́rin nísàlẹ̀, ẹ gé ojú síkúrù M4 (bóòtù mìlímítà 4) sí wọn. Bí páìpù bá fẹ́lẹ́, ẹ lẹ nọ́ọ̀tì mọ́ ojú ihò. Awẹ́ túùbù táyà ni kí ẹ fi sáàárín bóòtù àti kámẹ́rà kí ike má baà là. Ìlà bóòtù kan ṣoṣo kò tó, kámẹ́rà yóò máa mì lára rẹ̀. Ọ̀pá irin mìlímítà 12 ni kó jáde lókè páìpù kí chuck (ẹnu máṣíìnì tó ń di nǹkan mú) lè dì í mú, kí ẹ sì ya ojú ihò sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún wáyà.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì máṣíìnì kí ẹ tó gbé kámẹ́rà síbẹ̀. Bí iná bá ti lọ, tí ẹ gbàgbé switch sí títàn, ọjọ́ tí iná bá dé lójijì ni spindle yóò wé wáyà USB mọ́ ara rẹ̀ tí kámẹ́rà á sì fọ́.

Ẹ fi máákà dúdú kun ojú irin, kí ẹ fi ìfàlà ha àgbélébùú tín-ínrín sí i. Ẹ sọ kámẹ́rà kalẹ̀ títí yóò fi hàn kedere, ẹ wá lẹ kẹ̀kẹ́ kékeré ara rẹ̀ pa pẹ̀lú sẹ́lótéèpù, torí fífọwọ́kàn díẹ̀ lè yí i. Lórí OBS Studio (ètò kọ̀ǹpútà fún fídíò), ẹ lè gbé àwòrán àgbélébùú lé orí ti kámẹ́rà. Ẹni tí kò fẹ́ wàhálà lè lẹ sẹ́lótéèpù tó mọ́ gaara mọ́ ojú láptọ́ọ̀pù, kó fa ìlà sí i.

Ẹ sàmì sí ibi tí ojú ìlà (ibi tí ìlà méjì tí ẹ ha sára irin ti pàdé) wà lójú kọ̀ǹpútà, kí ẹ yí spindle ní dígírì 180, ìyẹn ìdajì ìyípo. Ojú ìlà yóò ti bọ́ síbòmíràn. Ìdajì ọ̀nà láàárín ibi méjèèjì ni kí ẹ gbé àgbélébùú kọ̀ǹpútà sí. Ẹ wá sún tábìlì títí ojú ìlà yóò fi bọ́ sábẹ́ rẹ̀, láti ẹ̀gbẹ́ kan náà nígbà gbogbo, torí àyè tó wà láàárín síkúrù àti nọ́ọ̀tì tábìlì. Bí ẹ bá kọjá rẹ̀, ẹ padà sẹ́yìn dáadáa kí ẹ tún bọ̀. Ẹ yí spindle lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ojú ìlà bá dúró, iṣẹ́ ti parí.

Gíga ni ó máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Bí kámẹ́rà bá tẹ̀ ní dígírì 1 péré, tí ẹ sì gbé e sókè ní mìlímítà 10, àárín yín ti ṣí kúrò ní bíi mìlímítà 0.17. Irin tó bá nípọn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ẹ tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìgbà ọyẹ́ ní ìdààmú tirẹ̀: erùpẹ̀ tó bá bà lé dígí náà kì í kúrò lójú kan bí spindle ṣe ń yí, ẹ sì lè pè é ní àárín. Ẹ sún tábìlì díẹ̀: àmì ara irin yóò bá a lọ, erùpẹ̀ yóò dúró. Bí irin bá ń dán jù, ẹ dín iná kámẹ́rà kù, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́, kí ìlà lè ṣú.

Lórí lẹ́ẹ̀dì (máṣíìnì tó jẹ́ pé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń yí), iṣẹ́ náà tiẹ̀ rọrùn jù. Ẹ fi kámẹ́rà sí tailstock (orí kejì tó dojú kọ chuck, tí kì í yí), kí ẹ fọwọ́ yí chuck ẹlẹ́nu mẹ́rin. Àmì ara iṣẹ́ yóò máa yípo. Ẹ máa tún ẹnu chuck ṣe títí àmì yóò fi dúró. Kò sí ohun tó kan bóyá kámẹ́rà gún.

Fún CNC (máṣíìnì tí kọ̀ǹpútà ń darí), ẹ de kámẹ́rà mọ́ ẹ̀gbẹ́ spindle. Ẹ fi bíìtì ẹlẹ́nu V ha ojú kan tí kò jìn ju mìlímítà 0.2 lọ sára igi àlòkù, ẹ sọ nọ́ńbà X àti Y (ọ̀nà méjì tí máṣíìnì ń gbà rìn) di òdo, kí ẹ wá gbé ojú náà sábẹ́ àgbélébùú. Nọ́ńbà tí ẹ bá rí ni àlàfo kámẹ́rà sí spindle. bCNC, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí CNC, ní àyè fún kámẹ́rà.

Etí irin kò bá kámẹ́rà mu. Bí gbáàgùn gígé (ṣóńṣó irin tí gígé fi sílẹ̀) bá ṣì wà lára rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti fi fáìlì gé orí etí náà, ìlà méjì ni yóò hàn, ó sì ṣòro láti mọ èyí tó jẹ́ ti òkè. Níbẹ̀, edge finder (irinṣẹ́ inú spindle tó ń fara kan etí irin láti mọ ibi tó wà) ni kí ẹ lò.