Bí ẹ ṣe lè to ọjà àdúgbò tí àjàkálẹ̀ àrùn ò ní rí tì pa

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà l'Ékòó ní 2020, ẹ máa rántí. Alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta, agogo mọ́kànlá, kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ torí kòrónà, ọlọ́jà oúnjẹ nìkan ni wọ́n gbà láyè, wákàtí díẹ̀ ni wọ́n sì fún wọn. Nígbà tí wọ́n dẹ okùn díẹ̀ ní oṣù karùn-ún, ọjà oúnjẹ di Túsìdeè, Tọ́sìdeè àti Sátidé, agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́ta. Ata ni màámi ń tà. Èrò tó yẹ kó máa wá díẹ̀díẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ fún ọjọ́ méjì, inú wákàtí mẹ́fà yẹn ni gbogbo wọn ń rọ́ wá, wọ́n ń tẹ ara wọn lẹ́sẹ̀, ìbòmú wà lábẹ́ àgbọ̀n, màámi ní òun ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí àfi tọ́dún bá ku ọ̀la. Ẹni tó bá fẹ́ kí àrùn ráyè, kó ṣe báyẹn ni.

Torí ẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń to ọjà, ẹ má gé wákàtí kù, ẹ fi kún un.

Ilẹ̀ ńkọ́? Ẹ má wá ilẹ̀ ńlá kiri. Ọjà kékeré mẹ́rin téèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé dáa ju ẹyọ ńlá kan tí gbogbo yín á wọ dáńfó lọ, torí inú dáńfó yẹn gan-an lẹ lè ti kó àrùn kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Tí wọ́n bá rí àrùn nínú ọ̀kan, ẹ ti ọ̀kan yẹn fọ́jọ́ mélòó kan, mẹ́ta yòókù ń tà lọ. Ẹ ò lè ṣe Mile 12, ọjà oúnjẹ ńlá yẹn, bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá tì í, ọ̀pọ̀ ìkòkò ọbẹ̀ l'Ékòó ló máa dá gbẹ. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà gbé ọjà wọ inú ọgbà ilé ìwé nígbà yẹn torí àwọn ọmọ wà nílé, ọgbọ́n gidi ni, ọgbà wà, géètì wà, pápá wà. Ṣùgbọ́n ìgbà tí wàhálà ti dé ni gbogbo wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ibi tá a máa lò. Ẹ lọ bá ọ̀gá ilé ìwé tó wà ládùúgbò yín àti CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, báyìí tí ara le, kẹ́ ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ká ní pulọ́ọ̀tì kan lẹ rí, 60 fíìtì sí 120. Ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan 6 fíìtì sí 6, ẹ tún fi 6 sílẹ̀ láàárín ìsọ̀ sí ìsọ̀, 120 yẹn á gba ìsọ̀ 10 lórí ìlà kan. Ẹ fi 12 fíìtì sílẹ̀ níwájú ìlà kọ̀ọ̀kan kẹ́ni tó ń lọ àtẹni tó ń bọ̀ má fèjìká gbára, ìlà 3 ló máa gbà, ìsọ̀ 30 nìyẹn. Ẹ yọ 4 fún ẹnu ọ̀nà, omi àti ìdọ̀tí, ó ku 26. Mo mọ̀ pé babalọ́jà tó fẹ́ràn owó ìsọ̀ máa fún 60 síbẹ̀, ẹ má gbà fún un o, ẹ fi péèǹtì sàmì sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i. Ẹnu ọ̀nà kan fún ìwọlé, òmíràn fún ìjáde. Ẹ má sì mọ ògiri jàre, òpó àti páànù tó ga ti tó, kí atẹ́gùn máa fẹ́ wọlé fẹ́ jáde. Àwọn pílásà tí wọ́n ń kọ́ rọ́pò ọjà báyìí, tíná bá lọ, inú ẹ̀ dà bí ààrò.

Ṣé 26 ò wá kéré? Ọjà ọrọọrún ni mo fi kọ́gbọ́n, ti ìlú yìí lónìí, ti ìlú kejì lọ́la, kálukú ló mọ ọjọ́ tiẹ̀. Tí ọlọ́jà yín bá jẹ́ 52, ẹ pín wọn sí méjì, 26 lónìí, 26 lọ́la, ọjà á wà lójoojúmọ́ láti àárọ̀ kùtù títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò sẹ́ni tó ń sáré. Àmọ́ aláta, ẹlẹ́fọ̀ọ́, ẹlẹ́ja, eléèlùbọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú ẹgbẹ́ méjèèjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ máa gbọ́ ariwo.

Ibi tó le jù ni ọ̀nà tóúnjẹ ń gbà wọlé. Ní 2020 wọ́n ní ọkọ̀ oúnjẹ lè kọjá, síbẹ̀ apẹ̀rẹ̀ tòmátò mẹ́ta tí màámi ti sanwó ẹ̀ sùn sójú ọ̀nà fọ́jọ́ méjì, nígbà tó máa dé, omi ń jò lábẹ́ apẹ̀rẹ̀, a jókòó sílẹ̀ ṣa èyí tó ṣì le, kò kún báfù kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìjà ọjà Ṣáṣà n'Ìbàdàn, àwọn oníṣòwò oúnjẹ àti màlúù láti Òkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, àlùbọ́sà àti ata wọ́n gan-an. Àrùn kọ́ ló fa ìyẹn, ojú ọ̀nà kan náà ló dí. Ẹ wá ibi méjì, ó kéré tán, tẹ́ ẹ ti ń rajà. Àwọn tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò àti lábẹ́ wáyà NEPA, ẹ gba nọ́ńbà wọn, tẹ̀tẹ̀ ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin lọ tó fi ṣeé já. Kí tòmátò máa bá kéréètì oníke wá, apẹ̀rẹ̀ máa ń fọ́ ọ mọ́ra wọn. Gàrí, ẹ̀wà, èlùbọ́, ẹ tọ́jú èyí tó máa tó ọ̀sẹ̀ méjì sórí pákó, kó má kan ilẹ̀.

Adìyẹ ààyè, ẹ má pa á nínú ọjà o. Ní 2006 Nàìjíríà ni H5N1, àrùn adìyẹ tó lè ran èèyàn, ti kọ́kọ́ hàn nílẹ̀ Áfíríkà, ẹ fún àwọn aládìyẹ níbi tiwọn lọ́tọ̀, kí wọ́n pa á síbẹ̀, kí wọ́n gbé ẹran wá.

Omi ọwọ́ fífọ̀: nígbà kòrónà báàkẹ́ẹ̀tì alẹ́nu ẹ̀rọ kún ẹnu géètì káàkiri, omi ni ò sí nínú ẹ̀. Kí ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan dá náírà 200 lóòjọ́, ìsọ̀ 26, 5,200 nìyẹn, ẹ fi gba ẹnì kan tó máa pọnmi tó sì máa gbálẹ̀. Ọṣẹ olómi ni kẹ́ ẹ rà, ọṣẹ líle máa ń rìn lọ, wọ́n máa ń jí i. Èpo iṣu àti igi ẹ̀fọ́, ẹ kó o fún àwọn ẹlẹ́fọ̀ọ́ yẹn kó jẹrà sóko wọn. Ẹ tún dá àjọ kan sọ́tọ̀ fẹ́ni tí ọjà ẹ̀ bá bàjẹ́ tàbí tára ẹ̀ ò yá, torí ẹni tí ò ní jẹun tó bá sinmi, ikọ́ ò ní dá a dúró nílé, á ru àgbọ̀n ẹ̀ wá ni.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹ mú Wẹ́sìdeè kan tí ọjà ò gbóná, kẹ́ ẹ ṣe é bí ẹni pé àrùn ti dé, ẹgbẹ́ kan nìkan, ẹnu ọ̀nà méjì, omi, gbogbo ẹ̀. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dán an wò ládùúgbò wa, gbogbo ẹ̀ ń lọ dáadáa àfìgbà táwọn èèyàn rajà tán tí wọn ò rọ́nà jáde, kọ́kọ́rọ́ géètì ẹ̀yìn wà lọ́wọ́ gáàdì, gáàdì ti lọ jẹ àmàlà. Kọ́kọ́rọ́ ti di méjì báyìí, ìyálọ́jà so ọ̀kan mọ́ etí aṣọ.