Bí a ṣe ń lo dátábéèsì MySQL àtijọ́ nínú áàpù Django tuntun

Ilé-ìwé tó ti ń kó orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ sínú MySQL láti ọjọ́ pípẹ́ kò ní láti tún wọn tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan torí pé ó fẹ́ áàpù tuntun. Django, ohun èlò Python tí a fi ń kọ áàpù, lè ka ohun tó wà nílẹ̀.

Ẹ má fọwọ́ kan ojúlówó. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ (ká ní ileewe ni orúkọ dátábéèsì náà):

mysqldump --single-transaction -u root -p ileewe > eda.sql

InnoDB àti MyISAM jẹ́ oríṣi tábìlì MySQL. Tábìlì InnoDB nìkan ni --single-transaction wúlò fún. Tó bá jẹ́ MyISAM, ẹ dá áàpù àtijọ́ dúró títí àṣẹ náà yóò fi parí. Ẹ wá da eda.sql sínú dátábéèsì òfìfo kan.

Nínú settings.py, ẹ kọ méjì sábẹ́ DATABASES: default tó jẹ́ dátábéèsì tuntun tó ṣófo, àti atijo tó jẹ́ ẹ̀dà yẹn. Àṣẹ migrate máa ń dá tábìlì tirẹ̀ sílẹ̀, bí auth_user. Kò yẹ kó dà pọ̀ mọ́ ti ilé-ìwé. SELECT (àṣẹ kíkà) nìkan ni kí ẹ fún olùlò MySQL tí atijo ń lò ná. Lẹ́yìn náà:

python manage.py inspectdb --database=atijo > akeko/models.py

Ẹ ka fáìlì yìí tinútinú, torí Django máa ń méfò níbòmíràn. Ẹ má yọ managed = False; òun ni kì í jẹ́ kí migrate yí tábìlì náà padà. Tábìlì tí kò ní primary key (kọ́lọ̀mù tó ń dá ìlà kọ̀ọ̀kan mọ̀) yóò mú àṣìṣe "Unknown column" wá, torí id tí kò sí ni Django ń wá: ẹ kọ primary_key=True sí kọ́lọ̀mù tí kì í ní iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì, bíi nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Nínú kóòdù, ẹ máa pè é pẹ̀lú .using('atijo').

Lẹ́tà Yorùbá ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Ẹ fi SHOW CREATE TABLE wò ó bóyá latin1, ọ̀nà àtijọ́ kan tí MySQL ń gbà tọ́jú lẹ́tà, ni tábìlì ń lò. Latin1 kò ní ẹ, ọ, ṣ. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi SELECT HEX(oruko), tó ń fi kóòdù lẹ́tà hàn, yẹ orúkọ kan tó ní lẹ́tà ẹ wò. E1BAB9 (tàbí 65CCA3) túmọ̀ sí pé lẹ́tà náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má lo CONVERT TO tààrà, torí yóò sọ lẹ́tà ẹ di "áº¹". Ẹ kọ́kọ́ sọ kọ́lọ̀mù VARCHAR(100) di VARBINARY(100), kí ẹ tó sọ ọ́ di VARCHAR(100) CHARACTER SET utf8mb4. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3F ni ẹ rí níbi tó yẹ kí lẹ́tà ẹ wà, "?" nìyẹn. Lẹ́tà náà ti sọnù, inú ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni wọn yóò ti wá orúkọ náà tẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ gbé áàpù tuntun jáde, ẹ̀dà àkọ́kọ́ ti di àkísà. Ẹ ti áàpù àtijọ́ pa, ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn, ẹ tún lẹ́tà ṣe bíi ti àkọ́kọ́, kí ẹ tó fún olùlò atijo ní INSERT àti UPDATE (àṣẹ láti fi kún un àti láti yí i padà).