Bí A Ṣe Ń Kọ Ìtàn Ayé àti Iṣẹ́ Òṣèré Ọkùnrin Tó Ń Múra Bí Obìnrin

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn òṣèré ọkùnrin tó ń múra bí obìnrin lórí ìtàgé, tó sì tún ń ṣe sinimá, ní láti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹni méjì ni òun ń kọ̀wé nípa wọn: ẹni tí ìyá bí, àti ẹ̀dá tí ẹni náà fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá. Bí òǹkọ̀wé bá pa àwọn méjèèjì pọ̀, ìtàn náà yóò dojú rú. Divine, òṣèré ará Amẹ́ríkà, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé kò sí ibi tó ṣòro nínú iṣẹ́ yìí tí ìtàn rẹ̀ kò kàn.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Harris Glenn Milstead ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n bí i ní ìlú Baltimore, ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1945. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Waters, tó ń darí sinimá, ló fún un ní orúkọ Divine. Ẹ pè é ní Glenn níbi tí ẹ bá ti ń sọ̀rọ̀ nípa ilé, òbí àti àìsàn rẹ̀, kí ẹ sì pè é ní Divine bí ó bá ti dé orí ìtàgé. Òun fúnra rẹ̀ ka Divine sí iṣẹ́ tí òun ń ṣe. Kò ka ara rẹ̀ sí obìnrin. Gbogbo òṣèré irú èyí kọ́ ló rí bẹ́ẹ̀ ṣá o, nítorí náà, bí ẹni tí ẹ ń kọ̀wé nípa rẹ̀ bá ṣì wà láàyè, ẹ bi í léèrè, kí ẹ sì tẹ̀ lé ohun tí ó bá sọ.

Lẹ́yìn èyí, ẹ to gbogbo ipa tí ó kó sínú ìwé kan, pẹ̀lú ọdún, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Mo ka ìgbésẹ̀ yìí sí pàtàkì ju gbogbo ìyókù lọ. Sinimá Pink Flamingos ti ọdún 1972 ló sọ Divine di ẹni tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ káàkiri, ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, nínú Female Trouble, ó ṣe obìnrin, ó sì tún ṣe ọkùnrin nínú sinimá kan náà. Nínú Hairspray ti ọdún 1988, òun ló ṣe Edna Turnblad, ìyá ọmọbìnrin tó fẹ́ràn ijó, òun náà ló sì ṣe ọkùnrin tó ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó bá wo irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ọkùnrin yìí ń wá bí àwọn èèyàn yóò ṣe gbà pé òṣèré gidi ni òun, yálà pẹ̀lú wíìgì tàbí láìsí wíìgì.

Ẹ má kàn kọ ọ́ pé ó wọṣọ obìnrin, kí ẹ sì kọjá lọ. Ẹ sọ ẹni tó ṣe é lóge àti ọ̀nà tí ó gbà ṣe é. Van Smith ló ń kun ojú fún Divine. Ó fá irun iwájú orí rẹ̀ sẹ́yìn, kí iwájú orí lè fẹ̀, kí àyè sì wà láti ya irun òkè ojú sókè fíofío. Ojú yẹn ni àwọn olùwòran fi dá a mọ̀.

Ẹ fi ìpínrọ̀ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ nípa orin tí ó kọ ní àwọn ilé ijó ní àwọn ọdún 1980, àyàfi bí orin bá jẹ́ olórí iṣẹ́ ẹni tiyín.

Ní ti ikú, ẹ sọ òótọ́ ní ṣókí. Glenn kú ní Los Angeles ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹta ọdún 1988, ní ẹni ọdún 42, nítorí ọkàn rẹ̀ tó tóbi ju bó ṣe yẹ lọ. Ohun tó gbé e lọ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ sọnù nínú ìtàn: ipa ọkùnrin nínú eré tẹlifíṣọ̀n ni ó fẹ́ kó ní ọjọ́ kejì.

Kí ẹ tó gbé ìtàn náà jáde, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni àwòrán kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fún ẹnì kan tó bá òṣèré náà ṣiṣẹ́ rí ní ẹ̀dà kan láti kà, nítorí òun ni yóò tètè rí ibi tí orúkọ méjèèjì ti gbé wọnú ara wọn.