Ẹ Tú Èèkù Wò: Bí A Ṣe Ń Yẹ Idà Ánímè Wò Ká Tó Rà Á

Àwọn àgbà ní kí ọwọ́ ẹni kọ́kọ́ tẹ èèkù idà ká tó bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Ní ti idà ánímè, irú èyí tó wà nínú fíìmù àwòrán àwọn ará Jàpáànù, ẹ tú èèkù ọ̀hún wò ká tó dúnàá-dúrà.

Òòfà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mú; èyí tó wà nínú sípíkà tó ti bàjẹ́ ti tó. Bí kò bá lẹ̀ mọ́ idà, síńkì tàbí alumíníọ̀mù ni. Kò burú, irú rẹ̀ làwọn tó ń kọ́ iaido, ìyẹn ọgbọ́n fífa idà yọ, ní Jàpáànù ń fi dánra wò, ṣùgbọ́n ẹ má fi lu nǹkan kan. Bó bá lẹ̀, ẹ má tíì yọ̀: irin ọ̀bẹ ìdáná tí kì í tètè dógùn-ún náà ń lẹ̀, ó sì máa ń ṣẹ́ tó bá gùn tó idà. Ẹ bèèrè nọ́ńbà irin. 1045 ní kábọ́ọ̀nù bí ìdá 0.45 nínú ọgọ́rùn-ún. 1060 lèmi ń rà.

Ó wá ku èèkù. Mo rí ọmọkùnrin kan tó ń ju tirẹ̀ fìrì fìrì níwájú kámẹ́rà: èèkù kù sí i lọ́wọ́, idà fò lọ gún ìlẹ̀kùn. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ bíi sípóòkù kẹ̀kẹ́ ni wọ́n jó mọ́ ìdí rẹ̀.

Èèkàn ọparun kan tàbí méjì, mekugi, ló de èèkù mọ́ idà. Orí rẹ̀ kan tóbi ju èkejì lọ. Apá tó kéré ni kẹ́ ẹ ti lù ú. Mo tún un sọ, apá tó kéré! Ẹni tó bá lù ú láti apá tó tóbi ń há a mọ́nú ni, igi èèkù á sì là. Ẹ má lo ìṣó. Igi ìjẹun àwọn ará Ṣáínà, tí a gé ẹnu rẹ̀, àti òòlù kékeré ni tèmi. Lẹ́yìn náà, ẹ fọwọ́ òsì di èèkù mú, kí idà nàró, kí ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí yín, kẹ́ ẹ wá fi ìkúùkù ọ̀tún máa lu ọrùn ọwọ́ òsì jẹ́jẹ́. Yóò máa sún. Ẹ má fi ọwọ́ fa ojú idà, bó ti wù kó há tó.

Ìrù (ìdí irin idà tó wà nínú èèkù) tó fẹ̀ dáadáa, tó gùn tó ìdá méjì nínú mẹ́ta èèkù, tí kò sí ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀, ni mò ń gbà. Ọlọ́jà tí kò bá fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, mo ti fi í sílẹ̀ nìyẹn.

Ìyókù kò le. Bí ìlà ìgbì ojú idà bá dọ́gba láti ìdí dé orí bí àǹkárá, ásíìdì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ dojú àkọ̀ kọlẹ̀: idà kò gbọdọ̀ já bọ́. Òróró máṣíìnì ìránṣọ ti tó láti fi pa idà lára.